Ìtẹ́ Ehoro Tí Kò Lóyún

                                        Ilé Kẹsàn-án, ẹ̀yìn ilé epo,
                                        Upper Sakponba,
                                        Benin City,
                                        Ìpínlẹ̀ Edo.
                                        17 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Motọ́lání, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni gbogbo ilé lÁkùúrẹ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìrètíolúwa ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ síléèwé láìsunkún? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé mo sùn lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

O béèrè bóyá mo ti parí iṣẹ́ ìwádìí mi. Mi ò tíì parí o. Ṣé o rí i, ehoro kò dà bí ewúrẹ́. Abo rẹ̀ kì í sọ ẹyin inú rẹ̀ tó ń di ọmọ sílẹ̀ àfi bí akọ bá gùn ún; ìgbà yẹn ni ọpọlọ rẹ̀ máa tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹyin á jáde. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ họ́mónù lásán lè ṣe iṣẹ́ akọ. Mo gún mẹ́jọ ní họ́mónù, mo gún mẹ́jọ yòókù ní omi iyọ̀. Àwọn olómi-iyọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ sọ ẹyin rárá.

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, márùn-ún nínú wọn ti sọ ẹyin. Dókítà Osaretin tó ń bójú tó iṣẹ́ mi bínú gan-an. Ó ní Àǹtí Èyítọ́pẹ́, ará Ọ̀wọ̀ tó ń po oògùn ní láàbù wa, ló da ìgò pọ̀. Wọ́n fún obìnrin náà ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tí kò gba irú rẹ̀ rí.

Motọ́lání, èmi ni mo ṣe é. Kéèjì mẹ́rin bàjẹ́, wẹ́dà tó yẹ kó tún wọn ṣe ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la fún mi, ni mo bá kó àwọn olómi-iyọ̀ ní méjì-méjì sínú kéèjì kan. Abo ṣáà ni gbogbo wọn. Mo rí i tí ọ̀kan gun èkejì, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ mo ti kà á nínú ìwé pé abo tó gun abo pàápàá lè mú ẹyin jáde.

Ọjọ́ tí èsì dé ni mo ti mọ̀, mo sì panu mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi ní Ekiadolor, ìwé ẹ̀rí mi ni wọ́n ń dúró dè, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá oṣù Kejìlá. Láràárọ̀ ni mò ń kí Àǹtí, tí mò ń wolẹ̀. Ojú ń tì mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ehoro náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà ara rẹ̀ tu, ó ń fi tẹ́ ìtẹ́ fún ọmọ. Ọmọ wo? Oyún irọ́ ni: ẹyin ti jáde, ṣùgbọ́n akọ kankan ò kàn án. Àǹtí dúró tì mí, ó ń wò ó, ó ní kí Ọlọ́run dárí ji òun bó bá jẹ́ pé òun lòun da ìgò pọ̀ lóòótọ́. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, kí n tó lọ bá Dókítà.

Àǹtí yíjú kúrò lára ehoro náà. Ó wá ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń fọ ìgò tí kò dọ̀tí, Fẹ́yìsayọ̀."

Wọ́n ti gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Ekiadolor ti bọ́. Oṣù Kìíní ni n óò tún bẹ̀rẹ̀, ehoro kan sí kéèjì kan. Àǹtí ní òun á po oògùn fún mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dúró ti òun, kí n sì máa fọwọ́ sí ìwé lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi gbá Ìrètíolúwa mọ́ra.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ náà ni,

Fẹ́yìsayọ̀