Nítorí Abiyamọ Inú Apẹ̀rẹ̀ Òdòdó

Rhonda ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo aládùúgbò rẹ ní Louisville tí mi ò mọ̀, nítorí a kì í mọ ẹni tí yóò ṣe ọmọ ẹni lóore. Ṣé eékún ọkọ rẹ ti ń san? Ibi tí ẹ bá dojú kọ, ọ̀nà á là fún yín níbẹ̀. Ní tèmi, mi ò kú, mi ò sì dákú, bí o tilẹ̀ rán ọlọ́pàá sí mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó bínú. Apẹ̀rẹ̀ òdòdó tí o fi ta mí lọ́rẹ ní ọjọ́ àwọn ìyá, tí mo gbé kọ́ sí fàráńdà, tọkọtaya ẹyẹ kan ti kó wọ inú rẹ̀. Ìyàwó kò lẹ́wà púpọ̀, àwọ̀ eruku ni, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ pọ́n lórí àti láyà bí ẹni tó ki orí bọ ọbẹ̀ tòmátì. Irun tó bọ́ sára kóòmù mi wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́lé. Kí n tó mọ̀, ìyàwó ti yé ẹyin, ó ti ń sàba.

Ìgbà yẹn gan-an ni o ń pè mí ṣáá, tí o ń ní Màámi, ta ló ń wá sọ́dọ̀ yín láàárọ̀ lálẹ́, pé fóònù rẹ ń sọ pé àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà. O ní ṣé ọkùnrin ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin ni, àyà rẹ̀ pupa, oúnjẹ ló máa ń gbé wá. O ní kí n tún un sọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ojú kámẹ́rà tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Àràárọ̀ ni mò ń kí ọ nínú rẹ̀, mo tilẹ̀ yí ẹ̀yìn aṣọ mi tuntun sí ọ kí o lè rí bó ṣe rí, o kò kàn fèsì ni. Ṣùgbọ́n o kò gbàgbé àṣà wa níbí: bí obìnrin bá bímọ, abọ́ oúnjẹ là ń gbé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a kì í yọjú wò ó títí yóò fi pè wá. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bo ojú náà. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú pa. Fóònù tó ń dún bí ẹní fọ́ àwo, mo rì í sínú agolo ìyẹ̀fun. Dípò kí n bu omi sí òdòdó náà, yìnyín ni mò ń tò sí etí apẹ̀rẹ̀ kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, kí omi má baà ya lu abiyamọ.

Àfi bí Delbert ọlọ́pàá, ọmọ Opal, ṣe dé pẹ̀lú ìbọn nídìí, tó ń gbá ilẹ̀kùn iwájú. Mo gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí i pẹ̀lú ìgbálẹ̀, mo ní aláriwo, ìyá rẹ kò kọ́ ọ nílé ni. Ó ní ẹ má bínú, Mama Wilma, Rhonda ló ní kí n wá wò bóyá ẹ ṣì wà láyé. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní ọjọ́ tí ẹyin máa pa ni, kó rọra sọ̀rọ̀. Ló bá sọ fún mi pé o ní bí mi ò bá gbé fóònù mọ́, ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí rẹ ni o máa kó mi lọ, pé yàrá ti wà nílẹ̀.

Rhonda, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo bi Delbert bóyá èèyàn lè so apẹ̀rẹ̀ òdòdó kọ́ níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àǹtí òun wà, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kan ìṣó kankan. Mo so dígí ìpara mi mọ́ igi ìgbálẹ̀, mo ní kó nà án sókè fi wo inú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti jáde, ìhòòhò, ojú rẹ̀ kò tíì ṣí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò yẹn ṣí fìlà rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ìdí ògiri ló gbà, tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn.

Gbogbo wọn ti pa báyìí, ìyẹ́ sì ti ń hù lára wọn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi nìkan ni mò ń jí nínú ilé yìí. Ní báyìí a pọ̀ tí à ń jí, inú mi sì ń dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Òdòdó rẹ ló ti ń gbẹ, má bínú sí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Owó epo mọ́tò ni mo fẹ́ tọrọ, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi. Inú mọ́tò tìrẹ ni kí o ra epo náà sí, kí o máa bọ̀ kí àwọn ọmọ yìí tó fò lọ. Wá wò mí fúnra rẹ, lẹ́yìn náà kí o wá sọ ibi tó yẹ kí n máa gbé.

Olúwa á ṣọ́ ìwọlé rẹ, á ṣọ́ ìjáde rẹ. O kò ní wá mi tì, èmi náà kò ní wá ọ tì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wilma.

Bí o bá dé, ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà wọlé. Mi ò ní ti ibẹ̀.