Ohùn Mi Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀mí Òkùnkùn

Ẹ̀yin àǹtí wa olóòtú ètò rédíò, mo kí yín láti àdúgbò Abobo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Èmi ni mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa. Ilé Lazare, onígìtá wa, la ti gba àwọn orin wa àkọ́kọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Màmá mi rò pé òfìfo ni, wọ́n bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi gba ìwàásù. Ìwàásù pa orin wa rẹ́, ó ku èyí tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí màmá mi ń gbọ́ ọ nílé, bí pásítọ̀ ṣe ní "Àmín" báyìí, gìtá bú, igbe mi tẹ̀ lé e. Màmá mi fò sókè: "Jésù! Ẹ̀mí òkùnkùn ti wọnú ìwàásù!" Wọ́n gbé Bíbélì lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí. Dimanche, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ni wọ́n fẹ́ sun ún.

Lazare ní kí n jẹ́wọ́ fún màmá mi, "Sọ fún la vieille, c'est simple!" Simple kẹ̀? Chorale, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ni wọ́n rò pé mò ń lọ.

Inú ń bí mi. Màmá tó bí mi ò dá ohùn mi mọ̀!

Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kó tó di dimanche, torí màmá mi kì í ṣàìgbọ́ ètò yín. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ wọn ló ń ké.