Bàtà Tí Kì Í Wọ Yàrá

Bantè, alẹ́ Àlàmísì

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi àti ìyàwó mi ń ṣa kajú lóko wa ní Akpassi lónìí nígbà tí ejò yọ lábẹ́ ewé gbígbẹ, ó sì ṣán mi lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi kíákíá. Eyín rẹ̀ ò kan ẹran ara mi rárá. Àlẹ̀mọ́ awọ tí aránbàtà kan ní Savalou rán mọ́ bàtà náà ló gbà á.

Àlẹ̀mọ́ yìí kan náà ni ìyàwó mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́! Nígbà tí mo ṣubú lórí alùpùpù lọ́nà Pira, ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, bàtà ya. Wọ́n di ẹsẹ̀ mi, wọ́n rán bàtà, èmi àti bàtà sì jọ padà sóko. Àtìgbà náà ni ìyàwó mi ti ní bàtà olóòórùn yẹn ò gbọdọ̀ wọ yàrá òun.

Nígbà tí a délé, mo fi bàtà náà sílẹ̀ níta bí ìṣe mi. Ìsinsìnyí ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Ràfíátù, ìrì mà ń sẹ̀ sórí bàtà yín.”

Kí n tó dìde, ó ti gbé e wọlé, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó ṣí fèrèsé.