Purotéènì Tí Mo Kà Láṣìṣe

Ẹ̀gbọ́n mi Eun-sil,

Ẹ kú iṣẹ́ o ní Bùràsíl. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san, ẹ̀fọ́ kimchi tí à ń rẹ síyọ̀ lọ́dọọdún sì ti wọ ìkòkò.

Ó ti rẹ̀ mí jàre. Iṣẹ́ ilé ìwádìí ní Daejeon tí mo fi ń ṣakọ ti dojú rú. Purotéènì tí à ń wò dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó lọ́ bíi sípíríńgì. Amínò ásíìdì ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó jìnnà síra lórí okùn, àmọ́ tí bó ṣe lọ́ mú kí wọ́n fara kanra, ni kí n kà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka àwọn tó tẹ̀ léra pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn yẹn kúkú gbọ́dọ̀ kanra!

Ẹ̀gbọ́n Pyo, ọ̀gá mi, ti fọwọ́ sí iye tí mo kà. Mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Mo-gbọ́n-tán, wọ́n á yọ orúkọ ẹ kúrò nínú ìwé ìwádìí o!"

Mo ní, "Kí wọ́n yọ ọ́. Ṣé kí orúkọ tiyín tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i wá bàjẹ́ ni?"

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Màmá sì ti ròyìn ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ bá mi sọ fún un, tiyín ló máa ń gbọ́. Ẹ ní nínú gbogbo àwọn oníwèé-ẹ̀rí ibẹ̀, èmi tí mo sá nílé ìwé ni mo rí àṣìṣe yẹn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Gyu-ho