Ọ̀rá Tó Wà Lára Ọ̀kadà Bàbá

Ìsọ̀ Lukman Pẹ́ńtà,
Ẹ̀bá Ojú Irin,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ifábùnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ọ̀rinrin. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa Hadassah, mo sì kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ wẹ́dà ń lọ déédéé ní Wárì, ṣé ojú rẹ tí iná ń ta sí lọ́jọ́sí ti san? Hadassah sọ fún Ràfátù ìyàwó mi pé o ti ń sanra. Mo ní kí ó fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ kí n tó gbà á gbọ́. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò ọdún yìí kò fẹ́ káńjú lọ. Aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, iyọ̀ ń ṣomi nínú ìgò, ògiri ilé gan-an ń làágùn. Iṣẹ́ tèmi nìkan ni ó dára fún, nítorí gbogbo ọ̀kadà tó ń dípẹtà láàrin Ọ̀fà sí Ìjagbó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó wọn wá.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ kọ́ nìyí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí o ti ń pe Bàbá rẹ ní Ìjagbó tí wọn kò gbé fóònù. O pe èmi náà, mo ń dáhùn bí ẹni tó fomi sẹ́nu. Má bínú. Ara Bàbá le, ìwọ kọ́ ni wọ́n sì ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí o rà fún wọn ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Wárì lọ́la.

Ìyá wa ló wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà kan lóṣù tó kọjá. Mo gbé àga fún wọn, wọn kò jókòó. Wọ́n ní bí fóònù bá ti dún báyìí, tí Bàbá bá ti rí i pé ìwọ ni, Bàbá á ní kí Ìyá sọ pé Bàbá wà lóko. Oko wo? Orí àpótí inú yàrá ni Bàbá jókòó sí. Ìyá ní oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún wọn mọ́. Mo ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo forí lé Ìjagbó.

Inú yàrá ni mo bá ọ̀kadà náà. Wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní igun, wọ́n da tápólì bò ó, wọ́n fi okùn dì í pinpin, wọ́n tún tẹ́ ẹní lé e lórí. Mo tú u títí. Nígbà tí mo kan ara rẹ̀, ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi wé táńkì, mọ́gáàdì àti ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì gbáko. O mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. A ó ra àga, a kò ní bọ́ ọ̀rá rẹ̀. A ó ra tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rá á wà lójú rẹ̀ títí a kò fi ní mọ ẹni tó ń ka ìròyìn. A gbà pé bí ọ̀rá bá ti kúrò, nǹkan ti di àlòkù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti wọ abẹ́ ọ̀rá yìí, kò rí ọ̀nà jáde, ó wá ń jẹ ọ̀dà láti abẹ́. Etí táńkì pupa tí o fúnra rẹ yàn ti yọ kókó-kókó, sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, tó ń dán tẹ́lẹ̀, sì ti pọ́n bí ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìjagbó.

Bàbá kò wò mí lójú. Wọ́n ní ìparí oṣù keje ni àwọn tú u láti nù ún, pé bí àwọn ṣe rí ìpẹtà ni àwọn dì í padà. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí o bá pè lo máa ń bèèrè pé ṣé wọ́n ń gùn ún, àwọn a sì máa dáhùn pé ojoojúmọ́ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gùn ún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń lọ oko, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, tí o torí rẹ̀ ra ọ̀kadà. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́ ni, kí o lè bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó wá bàjẹ́, àwọn kò mọ irọ́ tí àwọn ó tún pa, ni àwọn kò ṣe gbé fóònù. Ó dùn mí débi pé n kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe, èmi Lukman tí o mọ̀.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ ni mo ti rí ìbọn ọdẹ wọn lára ògiri, tó ń dán.

Mo ní, “Bàbá, ọ̀rá wo lẹ fi ń wé ìbọn yín?”

“Ta ní ń fi ọ̀rá wé ìbọn? Á dípẹtà ni. Àdín la fi ń nù ún, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí la sì ń gbé e kọ́.”

“Ṣé irin kọ́ ni máṣíìnì náà ni, sà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Ọ̀fà ti mú àwọn. Àwọn fúnra wọn ló bá mi tì í jáde, mo sì gbé e wá sí ìsọ̀ mi.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo sì bá ìpẹtà yẹn wọ̀yá ìjà. N kò ní tàn ọ́, láti ibí dé Ìlọrin, kò sí pẹ́ńtà tó lè ṣe é jù mí lọ. Mo fi kẹrosíìnì rin ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi ṣí. Mo fi sánpépà ha ìpẹtà náà débi irin funfun. Mo wá dúró de ọjọ́ tí oòrùn yọ dáadáa kí n tó kun ọ̀dà, nítorí ọ̀dà tí a bá kùn nínú ọ̀rinrin kì í dán, ńṣe ló máa ń rí bí ẹni pé a bu ẹfun sí i. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo fẹ́ kun gbogbo táńkì lọ́tun, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní pupa tí ọmọ àwọn rà ni àwọn fẹ́, pé kí n kun ibi tó jẹ nìkan. Mo jiyàn títí, n kò borí. Nítorí náà, ibì kan wà létí táńkì lápá òsì, tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí pupa rẹ̀ fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju ìyókù lọ.

Mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kí ìwọ náà gbọ́ o, torí ọ̀rinrin Wárì ju tiwa lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́ nídìí ọ̀kadà fífọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ta sí i, kí wọ́n fi omi ṣàn án kúrò kó tó gbẹ. Ọṣẹ ìwẹ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má lo ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú ọ̀dà ṣá. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó ló dára jù láti fi nù ún gbẹ, títí dé abẹ́ mọ́gáàdì tí ojú kì í rí. Kí wọ́n fi àdín díẹ̀ pa irin tó ń dán, kí wọ́n sì fi pólíìṣì pa ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Orí pákó ni kí wọ́n máa gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn ń gbà, aṣọ lásán ni kí wọ́n sì dà bò ó, kí tápólì máa lọ bo iṣu lóko. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí wọ́n máa gùn ún, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì ló ń gbẹ omi níbi tí àkísà kò dé. Bàbá ní kò sí ohun tuntun nínú ẹ̀kọ́ mi, pé ìtọ́jú ìbọn náà ni.

Lọ́jọ́ tí mo kó o lé wọn lọ́wọ́, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi ìka kan ibi tó ṣókùnkùn yẹn, wọ́n bi mí bóyá o máa rí i. Mo ní o máa rí i, ojú rẹ mú. Wọ́n ní, “Bó ṣe rà á gan-an ni mo fẹ́ kó bá a.” Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin ló fẹ́ bá nílé.” Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì gùn ún lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gùn ún lọ oko, wọ́n sì ń fi gbé Ìyá lọ sọ́jà.

Síbẹ̀, wọn kò tíì gbé fóònù rẹ. Wọ́n ní àwọn kò lè jẹ́wọ́ irọ́ ọdún méjì lórí fóònù, pé ọjọ́ tí o bá dé ni àwọn ó mú ọ dé ìdí ọ̀kadà náà, tí àwọn ó sì sọ ọ́ lójú rẹ. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ. Mo ti da Bàbá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o gbé ọ̀kadà yẹn wá ni o wálé kẹ́yìn, Ifábùnmi, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti ọ̀rá. Wá sílé. Bí wọ́n bá sì mú ọ dé ìdí táńkì, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí.

Ràfátù kí yín púpọ̀. Bàrákàt ọmọ mi ní kí n kí ìyàwó rẹ, ó ní kí ó má gbàgbé bàtà tó ṣèlérí fún òun. Ìyá náà ní kí n kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Mo ti bẹ Bàbá títí wọ́n fi gbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, wọ́n á gbé fóònù. Pè wọ́n, má sì bèèrè ọ̀kadà lọ́wọ́ wọn rárá. Orúnkún wọn ni kí o bèèrè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ,

Lukman