Ọmọ Rẹ Kò Sanra, Wíwú Ló Wú

Lesieli ọmọ mi, ìwọ tí o jogún ẹwà ìyá rẹ tí o sì jogún ẹnu tèmi, mo kí ọ o. Ṣé òtútù ìlú Ọ́kílándì kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹja inú òkun kò ní jẹ́ kí ebi mọ ojúlé rẹ. Àwa tí a wà ní erékùṣù Foa ṣì ń mí. Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ ti bímọ, iṣu ta, Kaveinga ọ̀rẹ́ mi sì ń mu omi gbòǹgbò kafa bí ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù rẹ̀ fún.

Mo mọ̀ pé ò ń pè wá, a kò gbé e. Má bínú. Mo ti fi aṣọ wé fóònù, mo sì dé agolo lé e lórí. Lọ́jọ́ tí a ń wo ojú ara wa nínú rẹ̀ yẹn, o húkọ́ lu Sefanaia ọmọ rẹ lójú. Kò pẹ́ kò jìnnà, òtútù ti mú ọmọ, ikun ń já bọ́ nímú rẹ̀. Ṣé mo pa irọ́ mọ́ ọ ni?

Òtútù náà lọ, ara ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Inú mi dùn, Lesieli! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ikùn yọ, ẹsẹ̀ ki. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó rí tín-ínrín bí okùn ìwọ̀, bíi pé ilé wa kò ní oúnjẹ. Mo wá ń bu ẹran màlúù inú agolo fún un sí i, oníyọ̀ gidi. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé pé, tí ó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́tìnì ẹ̀wù funfun tí o fi ránṣẹ́ kọ̀, kò dé ojú ihò. Gbogbo ìjọ ń pariwo pé ẹ wo olóyè kékeré. Kaveinga ní ọmọ ta nìyí, òun kò rí ẹni tó sanra nínú ìran wa rí. Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni mo wà tí Nọ́ọ̀sì Palu fi dìde láàárín àwọn akọrin. Ó wo ìpéǹpéjú ọmọ, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Yéè! Ojú ibi tó tẹ̀ jìn, kò sì padà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìyẹ̀fun tí a pò. Ó ní Bàbá, ọmọ yìí kò sanra o, omi ló mú un wú, ṣé ẹ kò rí i pé ìtọ̀ rẹ̀ ń hó ni? Mo ti rí i, ọmọ mi. Mo rò pé agbára ló ń hó. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, a sáré jáde.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan ní kíndìnrín rẹ̀ ló ń jò, pé ohun tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ lọ. Mo ní ta ló ṣe é? Ó ní ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì òtútù lásán ló ru ara ọmọ sókè, tí àwọn ọmọ ogun inú ara wá ṣi ọ̀tá mú, tí wọ́n ń bá ilé ara wọn jà. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kò bá a níbẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí àwọn kì í mọ ohun tó fà á rárá. Háà! Pẹ̀lú gbogbo gíláàsì àyẹ̀wò tó wà nílé yẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà! Mo fi ẹjọ́ fóònù sùn ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó ní ikọ́ kì í gba ojú fóònù kọjá, pé àwa tí a jọ ń fẹnu kan ife kan ni kí n lọ mú. Mo ní mo ti gbọ́. Fóònù ṣì wà lábẹ́ agolo.

Ọmọ ń lo oògùn, a kò sì jẹ́ kí iyọ̀ kan oúnjẹ rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń ti ìwé pélébé kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, kíndìnrín ṣì ń jò nìyẹn. Mo ti ọ̀kan bọ inú kafa Kaveinga, ó yí àwọ̀ padà, mo ní kafa rẹ̀ ti ní àìsàn kíndìnrín. Ó dà á nù tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù! Palu bú mi bí ẹni bú ajá, nítorí ìwé náà kò pọ̀ ní erékùṣù wa.

Láàárọ̀ òní, ìwé náà kò di àwọ̀ ewé. Palu ní kí n má tíì jó, pé òtútù mìíràn lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo ti jó. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, ẹkún sì gbọ̀n mí. Má sọ fún Kaveinga.

Jọ̀ọ́, fi owó ìwé pélébé yẹn ránṣẹ́, kí o fi owó kafa ọ̀rẹ́ mi kún un, kí ìwọ náà sì wá, ọmọ ń bèèrè rẹ. Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ lójú omi àti lójú òfuurufú. Wàá bá Sefanaia ní rírù, egungun ìhà rẹ̀ á ṣeé kà lóókan lóókan, wàá sì bú sẹ́rìn-ín ayọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Uaisele.