Bọ́ọ̀lù Tí Tóyìn Dá Padà

Sátidé, Àkúrẹ́.

Ìyàwó mi ní kí n wá jẹun. Oúnjẹ wo?

Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mẹ́wàá tó ń he bọ́ọ̀lù ní pápá. Ohun tí mo sọ fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí bọ́ọ̀lù bá ti jáde, kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó ti dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́.

Lónìí, a ti fi góòlù kan ṣíwájú àwọn àlejò wa láti Oǹdó, ó sì ku díẹ̀ kí eré parí. Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa wá bá àwọn ọmọ náà: "Ẹ máa rọra o. Ẹ jókòó lé bọ́ọ̀lù." Mo gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Tóyìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kò jókòó lé nǹkan kan. Ó sáré gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ Oǹdó, ìyẹn jù ú sínú pápá, àfi góòlù! Bí eré ṣe di ọ̀mì nìyẹn.

Alága nawọ́ sí Tóyìn lójú gbogbo èèyàn: "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, mi ò gbọdọ̀ rí ẹ níbí mọ́!"

Tóyìn kò wo alága. Èmi ló ń wò. "Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, sà."

Èmi olùkọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà tí kò tú.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Tóyìn ni yóò dúró lẹ́yìn ilé góòlù, èmi náà yóò sì dúró tì í. Bí wọ́n bá lé e, àwọn ọmọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá kó lọ sílé.

Kí alága máa he bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀.